Kòtò Ẹja Tí N Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Bò

Bí fóònù mi bá dún báyìí, àyà mi a kọ́kọ́ já kí n tó wo ẹni tó ń pè mí. Bó bá jẹ́ Bùnmi ọmọ mi ni, ń ṣe ni mo máa ń jẹ́ kó dún títí tí yóò fi fẹ́ dákẹ́ kí n tó gbé e, bó bá sì ti ń kí mi ni mo ti ń fi etí wá nǹkan kan nínú ohùn rẹ̀. Ṣé ó ti gbọ́? Ṣé ọmọ yẹn ti sọ fún un? Bí mo bá rí i pé kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ara á tù mí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú á wá máa tì mí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tù mí lára. Oṣù mẹ́wàá rèé tí mo ti wà lẹ́nu èyí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, èmi ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìjọ wa ní gbogbo ọjọ́ Sábáàtì. Kò sí ọmọ tó gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá tí kò mọ̀ pé n kì í fi irọ́ ṣeré. Èmi náà ni mo sì pa irọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni mo pa á mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ fún yín, kì í ṣe kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn, bí kò ṣe kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. N kò lọ sí iléèwé ní kékeré. Obì ni ìyá mi ń tà ní Ṣágámù, èmi ni mo ń bá a bó obì, tí mo ń bá a ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, tí mo ń fi ewé dì í sínú agbọ̀n, títí mo fi wọ ilé ọkọ ní Ìkẹ́nnẹ́. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta kí n tó mọ bí a ti ń kọ orúkọ ara mi. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo wọ iléèwé àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́. Bùnmi, tó jẹ́ àkọ́bí mi, wà ní kíláàsì kẹta nígbà náà, ìwé rẹ̀ ni mo sì fi ń kọ́ ìṣirò lórí tábìlì ìjẹun. Mo jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí, wọ́n ń pè mí ní “Màmá wa”, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó di tíṣà. Ẹni tó bá fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ wá ìwé, kò lè mọ eré lérè. Lójú tèmi, ọmọ tó jókòó lásán ń fi ohun tí mo sunkún wá ṣòfò ni. Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò, èmi a sì máa bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀ka ọ̀hún tó yọ rárá.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí Bùnmi bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Èkó ní ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ rí lára ògiri pálọ̀ mi ni pátákó tí mo kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí. Aago mẹ́fà, àdúrà. Aago mẹ́fà ààbọ̀, gbígbá àyíká ilé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí di alẹ́, tí oníkálukú á mú ìwé kékeré kan tí mo rà fún un, tí á kọ òótọ́ ọjọ́ náà sínú rẹ̀: ohun tó ṣe dáadáa, ohun tó ṣe tí kò dára, irọ́ tó pa bó bá pa. Ìwé òótọ́ ni mo sọ ọ́. Mọ́yọ̀, àgbà wọn, a máa kọ ojú ìwé kan gbáko. Tọ́lá àbúrò rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, àwòrán ni òun máa ń yà. Ọkọ mi, Bàbá Bùnmi, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí pátákó náà. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ṣe dàgbà, ó fẹ́ràn àwọn ọmọ náà bí ojú, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì láti Ìpẹ̀rú sì ni, Sábáàtì tí èmi ń pa mọ́ kò kàn án. Tíṣà ló máa ń pè mí. “Tíṣà, aago mélòó ni wọ́n kọ fún mímí?” ni yóò wí, àwọn ọmọ á fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ní ọlidé tó kọjá yìí, kò tíì pé ọjọ́ kejì tí wọ́n dé tí Mọ́yọ̀ wá bá mi ní ilé ìdáná. Ó ti rí ìdílé kan nínú fóònù ìyá rẹ̀ tí wọ́n gbé ibi ìlúwẹ̀ẹ́ sí àgbàlá ilé wọn, tí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ ń bẹ́ sí omi.

“Màmá Ìkẹ́nnẹ́, ṣé àwa náà lè ṣe é sí ẹ̀yìnkùlé? Mo ti ya bó ṣe máa rí.”

“Kí ẹ jókòó sínú omi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Ṣé ẹja ni ẹ́ ni?”

Bàbá Bùnmi tó ń jẹ ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. “Tíṣà, o ò ṣe jẹ́ ká gbẹ́ kòtò ẹja? Ká sin ẹja àrọ̀ sínú ẹ̀. Àwọn á rí omi wọn, ìwọ náà á rí iṣẹ́ ẹ. Ọlidé ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á jẹ ẹja tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sìn.”

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ mọ́ iṣẹ́ ara pátákó: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kòtò ẹja.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, n kò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ju bí mo ti rò lọ. Òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀ bó ti máa ń ṣe nínú oṣù kẹjọ, ilẹ̀ rọ̀, kò sì pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Bàbá Bùnmi fi okùn àti èèkàn wọn ilẹ̀, ó da eérú lé e kí àwọn ọmọ lè rí ìlà tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá. Òun ló ń fi dígà wú u, Mọ́yọ̀ ń fi ṣọ́bìrì kékeré kó o, Tọ́lá ń fi agolo mílíìkì ru erùpẹ̀ pupa lọ sí ẹ̀bá ògiri, ó ń ka iye agolo, bó bá ti dé méjìlá á gbàgbé, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. A fi díẹ̀ nínú erùpẹ̀ náà ṣe ebè, a gbin ẹ̀fọ́ sí i. Láràárọ̀ ni Mọ́yọ̀ máa ń bọ́ sínú kòtò láti wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara. Ó dé orúnkún, ó dé ìdí, ó dé àyà. Lọ́jọ́ kan wọ́n da ẹrẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, mo ti gbé ọwọ́ sókè láti bá wọn wí, àfi bí mo ṣe rí i pé ẹ̀rín ni mò ń rín. Èmi tí mo fi ìgbà èwe mi bó obì, n kò mọ̀ pé mo lè fi ẹrẹ̀ ṣeré.

Nígbà tí kòtò náà parí, a tẹ́ tapólì sí i nínú, a fi bíríkì tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá Bùnmi kò tíì rí pákó tí yóò fi kan ìdérí rẹ̀, nítorí náà páànù méjì tó ṣẹ́kù nígbà tí a kan òrùlé ló ń lò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, òun á di etí kan mú, Mọ́yọ̀ á di ìkejì mú, wọ́n á tẹ́ ẹ bo ojú kòtò, wọ́n á sì fi òkúta ńlá mẹ́rin tẹ̀ ẹ́. Páànù náà gùn, kì í ṣe ohun tí ọmọdé kan lè dá gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà tí Bàbá Bùnmi ń lọ sí Ìpẹ̀rú lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí ìpàdé ẹbí wọn tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó sọ fún wa lójú ọ̀nà pé, “Ẹ lè pọn omi sí i lónìí. Lọ́jọ́ Àìkú ni n ó kó ọmọ ẹja bọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ inú ẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, kódà bó jẹ́ ìṣẹ́jú kan.” Gbogbo wa la dáhùn pé a gbọ́.

A pọn omi láti ọ̀sán. Mò ń fà á láti inú kànga, àwọn ọmọ ń rù ú. Nígbà tó dé àyà Mọ́yọ̀, mo ṣe ohun tí n kò ṣe rí: mo ní kí wọ́n wọ inú rẹ̀ kí wọ́n ṣeré kí ẹja tó gba ilé wọn. Mọ́yọ̀ di Tọ́lá mú lápá, ó ń fà á yí omi ká bí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò wa fi yọjú lórí ògiri láti béèrè pé kí ló dé. Èmi jókòó sórí bíríkì, mo ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. N kò wo aago. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn: lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí n kò wo aago, ọjọ́ Ẹtì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ bí àwa ṣe ń ṣe é ní ìdílé tí a ti ń pa Sábáàtì mọ́ yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti ń wọ̀, iṣẹ́ gbogbo ti gbọ́dọ̀ parí, oúnjẹ ti gbọ́dọ̀ jinná, ara ti gbọ́dọ̀ mọ́, kí a jókòó pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́ láti kí ọjọ́ mímọ́ káàbọ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, oòrùn ti wà lẹ́yìn igi obì aládùúgbò wa. Ẹ̀rù bà mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. Mo lé wọn jáde nínú omi, mo ní kí wọ́n lọ wẹ̀ kíá. Tọ́lá sáré lọ. Mọ́yọ̀ dúró.

“Màmá, a ò tíì bo kòtò.”

“Oòrùn ti ń wọ̀. Lọ wẹ̀.”

“Kò ní pẹ́. Ẹ kàn bá mi di etí páànù kan mú.”

“Mo ní iṣẹ́ ti parí lónìí.”

“Àmọ́ Bàbá ní tí omi bá ti wọ inú ẹ̀, a ò gbọdọ̀—”

“Mọ́yọ̀sọ́rẹ, nínú èmi àti ìwọ, ta ló bí ìyá ta?”

Ọmọ náà wo páànù, ó wo mí, ó kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá.” Ó wọlé lọ.

Ìgbà tí mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ara mi, mo máa ń sọ pé Sábáàtì ló dá mi dúró. Irọ́ ni. Kò sí ibi tí ìjọ mi ti kọ́ mi pé kí n fi kòtò omi sílẹ̀ ní gbangba fún ọmọdé. Oòrùn gan-an kò tíì wọ̀ tán, ìṣẹ́jú méjì ni páànù méjì yẹn ì bá gbà wá. Ohun tó dá mi dúró ni pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, ó sì jẹ́ pé òun ló tọ̀nà. Mo ti fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ pé kò gbọdọ̀ já àgbà ní koro. Bí mo bá di etí páànù yẹn mú, ṣé kò ní dà bí ẹni pé ó ti já mi? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, ẹ wo ohun kékeré tí mo fi ẹ̀mí ọmọ dúró fún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti wọ Tọ́lá láṣọ, ṣòkòtò búlúù àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo ní kó jókòó sí pálọ̀ kí n fi wé gèlè mi. Ó fẹ́ lọ wò ó bóyá ẹja ti dé, ohun tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn bó ti ń jáde. Mọ́yọ̀ tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó wọ bàtà, ọmọ ti wọ inú omi. Ohun tí mo gbọ́ ni igbe Mọ́yọ̀, kì í ṣe igbe kan, igbe tó ń já, tó ń tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, Mọ́yọ̀ wà nínú kòtò pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ tí ó ti kún fún ẹrẹ̀, tapólì ń yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, omi ń dé ẹnu rẹ̀ bó bá ti yọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àbúrò rẹ̀ sókè ju orí ara rẹ̀ lọ. Ó ń gbé e fún mi. Mo gba ọmọ, ó ti dákú, ètè rẹ̀ ti dúdú. Aládùúgbò wa ló gbé èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì lórí ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ṣágámù, mo di ọmọ mọ́ àyà, mò ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú bí mo ṣe gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é, n kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Kí a tó dé, ó pọ omi, ó sunkún. N kò tíì gbọ́ orin tó dùn tó ẹkún yẹn.

Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, pé àwọn ní láti máa wò ó fún ọjọ́ díẹ̀. Bùnmi dé láti Èkó ní ọ̀sán. Ó wà nínú oyún oṣù mẹ́ta nígbà náà, ó wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìkejì ti bọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó gbé etí lé àyà rẹ̀, ó gbọ́ pé ó ń mí. Ó wá yíjú sí wa. Àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn ìyá ọmọ mìíràn wà níbẹ̀, ìyàwó pásítọ̀ wa tó wá kí wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

“Ta ló ṣí kòtò yẹn sílẹ̀?”

Ẹyin lohùn. N kò ronú rẹ̀, n kò pète rẹ̀, ó kàn jáde lẹ́nu mi bí ẹ̀mí ṣe ń jáde. “Mo ní kí Mọ́yọ̀ bò ó.”

Bùnmi gbá ọmọ náà létí. Ó tún gbá a. “Nǹkan kan ṣoṣo! Nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n ní kó o ṣe!” Ọmọ náà sì wà nínú aṣọ tó ti gbẹ mọ́ ọn lára pẹ̀lú ẹrẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí á pààrọ̀ aṣọ fún un. Òun ló yọ àbúrò rẹ̀ nínú omi. Kò sí ẹni tó sọ pé ó ṣeun. Kò sunkún. Ó kàn wò mí. Ojú yẹn kì í ṣe ojú ìbínú, ojú ọmọ tó ń dúró dè mí ni, bí ìgbà tí mo bá béèrè ìbéèrè ní kíláàsì tí ọmọ kan sì mọ̀ pé mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ fúnra mi. Mo gbójú mi kúrò. Ìyàwó pásítọ̀ ní, “Ẹ má nà án mọ́, ọmọdé ni, ó ti kọ́gbọ́n.” Mo ṣe àmín.

Bàbá Bùnmi dé nírọ̀lẹ́, ó gbọ́ ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Nígbà tí wọ́n dá Tọ́lá sílẹ̀ tí Bùnmi sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Èkó, ó mú ṣọ́bìrì, ó dá erùpẹ̀ padà sínú kòtò náà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, òun nìkan. Nígbà tó parí, ó bu omi mu, ó wò mí.

“Páànù yẹn, ta lo ní kó bá ọmọ yẹn gbé e?”

“Ṣé ẹ ń pè mí ní òpùrọ́ ni?”

“Mi ò pè ẹ́ ní nǹkan kan. Páànù ni mò ń béèrè.”

Mo wọlé lọ. Irọ́ kejì nìyẹn, nítorí pé ìdákẹ́ náà lè jẹ́ irọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò pè mí ní Tíṣà mọ́. “Ìyá Bùnmi” ló ń pè mí bí àlejò. Kò tún ọ̀rọ̀ náà sọ, mo sì mọ̀ pé ó ń fi àyè sílẹ̀ fún mi láti sọ ọ́ fúnra mi. Nínú oṣù kẹsàn-án, mo ń gbá yàrá àwọn ọmọ, mo rí ìwé òótọ́ Mọ́yọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ọjọ́ ìkẹyìn tó kọ, ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn gan-an ni. Gbólóhùn méjì péré ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rírẹwà tí mo kọ́ ọ: “Lónìí n kò parọ́. N kò sọ nǹkan kan.”

Ṣé ẹ rò pé mo pe Bùnmi lọ́jọ́ náà? N kò pè é. Mo ní oyún wà nínú rẹ̀, kí n má baà kó ìdààmú bá a. Nígbà tó bímọ nínú oṣù kejì, mo ní ara rẹ̀ kò tíì le. Mo lọ sí Èkó fún ìsọmọlórúkọ pẹ̀lú ìpinnu pé bí àlejò bá ti lọ tán, n ó sọ ọ́. Gbogbo wa ń gbé ọmọ tuntun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan Mọ́yọ̀, ọmọbìnrin náà na ọwọ́, Bùnmi sì fi ẹ̀rín gbé ọmọ kọjá lórí rẹ̀ fún èmi. “Ìyẹn kọ́, kò mọ nǹkan tọ́jú. Ẹ̀yin ẹ gbà á, Màámi.” Mọ́yọ̀ kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Bó ṣe yá a lára láti kó wọn sẹ́yìn ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Mo gba ọmọ náà. Mo padà sí Ìkẹ́nnẹ́ láìsọ nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bùnmi pè mí nítorí ọlidé tó ń bọ̀. Ó ní òun á mú Tọ́lá wá fún mi, àmọ́ Mọ́yọ̀ kò ní wá. “Màámi, mo fẹ́ máa rí i lójú mi. Ọmọ tó gbàgbé irú nǹkan yẹn, a ò lè fi ọmọ kékeré tì í. Ẹ̀yin ni mo fọkàn tán.” Èmi ni ó fọkàn tán. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó títí omi ẹ̀fọ́ fi gbẹ lórí iná. Mo rí i kedere pé bí mo bá jẹ́ kí ọlidé yìí dé, ọmọ náà á dàgbà sínú ohun tí mo sọ nípa rẹ̀. Wọ́n á máa sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Òun náà á máa sọ ọ́ nípa ara rẹ̀.

Nítorí náà mo pe Mọ́yọ̀ lánàá, ní àkókò tí mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ẹ̀fọ́ wa. Mo ní, “Mọ́yọ̀, mò ń bọ̀ l’Ékòó lọ́jọ́ Àìkú. Mo fẹ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kòtò yẹn fún mọ́mì ẹ. Èmi ni mo ní kó o má bò ó.” Mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn tó ń rẹ̀ ẹ́. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́, ohùn ọmọ tí a kọ́ dáadáa, dá mi lóhùn.

“Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Màmá. Ó ti mọ́ mi lára.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n ó lọ lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá Bùnmi ní òun á bá mi lọ, n kò sì tíì sọ ohun tí mo ń lọ ṣe fún un kó tó wí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé Bùnmi lè má fi ọmọ kankan sọ́dọ̀ mi mọ́. Mo mọ̀ pé ìyàwó pásítọ̀ yóò gbọ́, mo sì ti kọ lẹ́tà láti fi iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní ìjọ. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ọ̀nà àbáyọ hàn mí, kò sí, kò sì yẹ kó wà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń kọ́ ọmọ pé kó má já yín ní koro, ẹ rántí kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ tí ẹ̀yin gan-an bá parọ́. Èmi kò kọ́ Mọ́yọ̀ ní tirẹ̀, ó sì fi ìgbọràn gbé ẹ̀bi mi fún oṣù mẹ́wàá. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò kan ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yóò bínú, ìbínú a sì máa rọlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà ni mo ń béèrè nítorí rẹ̀. Kí ni àgbàlagbà ń sọ fún ọmọ tí ẹ̀bi ẹlòmíràn ti mọ́ lára, tí yóò fi gbà láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀?